Àṣìṣe gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí kì í tán nínú àròkọ àwọn ọmọ SS3: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

TíṣàGẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ SS3 ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé. Wọ́n ti há òfin sórí. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ kó tẹ̀lé "did", wọn á dáhùn kíá. Ẹ wá ní kí wọ́n kọ àròkọ: "did not went". "They love themselves". "Since three years". "Borrow me your biro". "Although it rained, but we went". Mo ń fi báírò pupa fàlà sí i, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àṣìṣe kan náà ni. Èwo ló yẹ kí n kọ́kọ́ dojú kọ kí WAEC tó dé, báwo ni mo sì ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ tí á fi wọ̀ wọ́n lára? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "kí wọ́n máa kàwé" o. Ohun tí mo lè ṣe ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé ni mò ń wá.

Alátúnṣe

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. "Did not went" jẹ́ àṣìṣe tí ọmọ mọ òfin rẹ̀, tí kò kàn rántí nígbà tí ọwọ́ ń sáré. Àwọn yòókù tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ọmọ ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lábùkù, torí pé bí ẹ bá dá wọn padà sí Yorùbá, gbólóhùn tó gún régé ni wọ́n. Báírò pupa ò lè ran irú èyí. Ẹ fi ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ti ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì pín fún méjì hàn wọ́n.

Ẹ mú "ara wọn". "Wọ́n ń tan ara wọn jẹ" lè túmọ̀ sí pé kálukú ń tan ara tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé èkíní ń tan èkejì. Tàkọ́kọ́ ni "themselves", tìkejì ni "each other". Kí ọmọ fi "lẹ́nìkínní-kejì" sẹ́yìn gbólóhùn Yorùbá náà. Bó bá gbà á láìyí ìtumọ̀ padà, "each other" ni. "Tolú àti Bísí kí ara wọn lẹ́nìkínní-kejì" lọ geere, nítorí náà "greeted each other".

"Yá" náà ń lọ, ó ń bọ̀. "Adé yá mi lówó": "Ade lent me money". "Mo yá owó lọ́wọ́ Adé": "I borrowed money from Ade". "Lọ́wọ́" yẹn ni kí wọ́n máa ṣọ́. Ibi tó bá wà ni "borrow" àti "from" jọ ń rìn. Kí wọ́n má sì gbàgbé àmì abẹ́ rẹ̀, torí "lówó" àti "lọ́wọ́" wà nínú gbólóhùn méjèèjì tí mo kọ yìí, wọn ò sì jọra rárá.

"Láti" ló ń bí "since three years". À ń sọ pé "láti ọdún 2022", a tún ń sọ pé "láti ọdún mẹ́ta". Bó bá jẹ́ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ là ń sọ, "since 2022". Bó bá jẹ́ bó ṣe pẹ́ tó, "for three years". Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, ìdajì àṣìṣe náà wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe. "I am living in Ondo since 2022" ṣì lábùkù. "Mo ti ń gbé" ni ọmọ ní lọ́kàn, ó wá ju "ti" nù sọ́nà. "I have been living" ni.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni "máa ń", torí àwọn àgbà tó ń kọ lẹ́tà ọ́fíìsì pàápàá ń ṣe é. "Mo máa ń jí ní aago márùn-ún" á di "I use to wake up at five". Ohun tó ń wáyé títí di òní kò nílò "use to" kankan: "I wake up at five" ti tó, tàbí "I usually wake up at five". "Used to" jẹ́ ti ohun tó ti dópin, ó sì gbọ́dọ̀ ní "d" lẹ́yìn. Kí ọmọ fi "tẹ́lẹ̀" dán an wò. Bí "mo máa ń jí ní aago márùn-ún tẹ́lẹ̀" bá jẹ́ òótọ́, "used to".

"Ti" àti "lánàá" pẹ̀lú: "mo ti rí i lánàá" kò ní ìṣòro lédè wa, àmọ́ "I have seen him yesterday" kò ṣeé gbọ́. Bí "yesterday", "last week" tàbí "in 2019" bá ti wọlé, kí "have" jáde: "I saw him yesterday".

Amáàkì

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí máàkì ti ń jò. 50 ni gbogbo máàkì àròkọ WAEC: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ìtò rẹ̀, 20 fún ìlò èdè, 10 fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé tí kò lábùkù. Nínú 10 ìkẹyìn yẹn, ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àròkọ náà ò sì gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀. Àṣìṣe 20 péré, 10 ti wọgbó.

Nítorí náà, èyí tó ń wáyé lemọ́lemọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe èyí tó ń bí yín nínú jù. Ọmọ lè kọ odindi àròkọ kí "borrow" má wọ ibẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ńkọ́? Kò sí gbólóhùn tí kò sí.

Ẹ kọ́ wọn láti tún iṣẹ́ wọn kà lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n máa wá ohun kan ṣoṣo nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n fàlà tín-ín-rín sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Ṣé "did", "does", "will", "can", "must" tàbí "to" ló ṣáájú rẹ̀? Kó bọ́ "-ed" àti "-s" sílẹ̀: "did not go", "does not know". Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, ta ni olùwà? "Mo lọ, ó lọ, wọ́n lọ": ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà nítorí olùwà, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń fo "-s" yẹn. Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa olùwà tó jìnnà. "The list of the books are" ń wáyé torí pé "books" ló sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù. Kí ọmọ fi ìka bo "of the books", á rí i pé "the list is" ló kù.

Nígbà kejì, ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ kọ "advice, information, furniture, equipment, luggage" sí pátákó, kó wà níbẹ̀ títí táàmù á fi parí. Wọn kì í gba "s", wọn kì í gba "a" tàbí "an". "Ìmọ̀ràn kan" ni "a piece of advice". "News" ní "s" lóòótọ́, àmọ́ "the news is" ni. Òṣìṣẹ́ kan kì í ṣe "a staff". "A member of staff" ni.

Nígbà kẹta, arọ́pò-orúkọ. "Ó" àti "rẹ̀" ò bìkítà bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin là ń sọ, ni "my sister" fi ń di "he" ní ìlà kẹta. Kí wọ́n fa ọfà láti orí "he, she, his, her" kọ̀ọ̀kan padà sí ẹni tó ń tọ́ka sí. Kí wọ́n má sì fi "they" bọ̀wọ̀ fún bàbá wọn nínú àròkọ. Bàbá kan ṣoṣo, "he" ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ṣa gbólóhùn mẹ́wàá láti inú ìwé tiwọn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí méjì nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò lábùkù rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á kàn máa yí gbogbo nǹkan padà láìronú.

Ọ̀rọ̀Ṣùnnùkùn

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹrù lé Yorùbá lórí. Àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn náà ń sọ "didn't went" ní kékeré. Ìgbà míì sì rèé, Yorùbá gan-an ló ń gbani sílẹ̀. Ọmọ tó kọ "one of my friend" kò fetí sí èdè ara rẹ̀: "ọ̀kan lára *àwọn* ọ̀rẹ́ mi" là ń wí. "Àwọn" wà níbẹ̀ gbangba, nítorí náà "friends". Ọ̀kan náà ló ni ọ̀rọ̀-ìṣe: "one of my friends is". "Explain me" náà ńkọ́? "Ṣàlàyé *fún* mi", "explain *to* me".

Àmọ́ "although... but", tiwa ni, kò sí àríyànjiyàn. "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé" ń pe "síbẹ̀" ní ọwọ́ kejì. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà ju ọ̀kan lọ, kí wọ́n pa "although" tàbí "but" rẹ́, èyí tó bá wù wọ́n. "It made me to cry" náà, "kí" inú "ó mú kí n sunkún" ló fa "to" yẹn wọlé. "It made me cry". Àfi bí ẹni tí wọ́n mú ṣe nǹkan bá di olùwà: "I was made to cry", "to" á padà síbẹ̀. WAEC àti JAMB fẹ́ràn ìbéèrè yìí.

"Discuss about" àti "emphasise on": kí wọ́n yọ "about" àti "on" kúrò. "Reply my letter" sì rèé, òun ló nílò "to".

ÀbíBẹ́ẹ̀kọ́

Ẹ fi "àbí" kún un. "Àbí" kì í yí padà, ni wọ́n ṣe ń fi "isn't it?" parí gbogbo gbólóhùn. "You will come, won't you?" "She danced, didn't she?" Bákan náà ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó ní "kò" nínú. "Ṣé o ò tíì jẹun?" "Bẹ́ẹ̀ ni" túmọ̀ sí pé mi ò tíì jẹun. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "No, I haven't".

TíṣàGẹ̀ẹ́sì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n ń bá mi jiyàn lórí "next tomorrow", wọ́n ní ó ti wọ dikíṣọ́nárì.

Alátúnṣe

Wọn ò purọ́. Oxford English Dictionary gbà á wọlé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2020 pẹ̀lú "okada", "danfo", "mama put" àti "severally", ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni wọ́n pè é níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan nínú ìtàn ni, ó lè dúró. Níbòmíràn nínú ìdánwò, "the day after tomorrow" ni kí wọ́n kọ.