Àìbìkítà kọ́ ni orúkọ gbogbo ẹ̀bi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnìkan nínú wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn awakọ̀ béèrè pé kí la máa pe "culpable", "negligent", "reckless" àti "reprehensible" ní Yorùbá. Ìdáhùn tó ti wọlé ni "ayẹfẹ́bi" fún àkọ́kọ́, "aláìbìkítà" fún méjèèjì tó wà láàárín, àti "tí kò bójú mu" fún èyí tó kẹ́yìn. Àfi kí ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi aláìbìkítà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ẹ mú awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Táyà bẹ́, ọkọ̀ gbókìtì, èèyàn kú. Bí táyà náà bá ṣì le dáadáa, tó jẹ́ irin tó wà lójú títì ló dá a lu, a ó ní ó ṣèèṣì ni. Bí táyà bá ti jẹ tán, ṣùgbọ́n tí baba náà kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó kó tó gbéra láàárọ̀, àìbìkítà nìyẹn, mo gbà. Ó wá ku ẹnì kẹta. Ẹni tó ń lẹ táyà ní gáréèjì ti sọ fún un pé, "Ọ̀gá dírẹ́bà, táyà yìí ò lè dé Ọ̀wọ̀ o." Ó ní yóò dé e. Ó kó èrò kún ọkọ̀, ó tún ń sá eré àsápajúdé. Ṣé àìbìkítà náà la ó pe tiẹ̀?

Ẹnì kejì kò rí ewu torí pé kò wò. Ẹnì kẹta rí i, ó sì fojú di í. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ya "negligent" sọ́tọ̀ kúrò lára "reckless" nìyẹn, bí a bá sì da méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, a ti bá ẹnì kẹta dín ẹ̀bi rẹ̀ kù láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wá. Yorùbá kò sì ṣaláìní ohun tí yóò fi sọ ọ́. Fojú di ewu. Fi ẹ̀mí èèyàn wewu. Kò sí ìyá kan ní Ọjà Ọba tí yóò ní kí ẹ túmọ̀ ìyẹn fún òun. Tí ẹ bá fẹ́ orúkọ, "ìfojúdewu" wà níbẹ̀. Bó bá wúwo lẹ́nu, ẹ kọ gbólóhùn náà tán, ìwé pélébé ò ní torí ìyẹn di ìwé ńlá. (Ẹni tó kọ́kọ́ pe eré burúkú ní àsápajúdé mà ṣe bẹbẹ o. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa dá, èyí tí etí máa rí kí ojú tó rí i.)

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò níhìn-ín ní gúúsù yọ èèyàn nínú ẹ̀bi ohun tí kò tọwọ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ wá àti ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó sọ bẹ́ẹ̀ rárá, ó ti kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ àìbìkítà sọ́tọ̀: ohun tí òfin bá sọ nípa ìyẹn dúró gbọn-in. Nítorí náà, awakọ̀ tó bá ní "àmúwá Ọlọ́run ni", tàbí tó jẹ́ ará Oǹdó tó ní ọwọ́ Ògún ni, ṣì máa ṣàlàyé táyà.

Ẹnìkan tún ní ká yọ "ìjàm̀bá" kúrò nínú ìwé náà, torí pé àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fúnra wọn ti ń sá fún "accident", "crash" ni wọ́n ń kọ, kó má baà dà bíi pé kò sẹ́ni tó fà á. Ìdí yẹn dára fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìjàm̀bá tiwa kò ní àrùn yẹn. Bí a bá ní wọ́n ṣe ẹnìkan ní ìjàm̀bá, ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀ gbangba. Ẹ fi sílẹ̀ jàre.

"Ayẹfẹ́bi" ńkọ́? Létí tèmi, ó dà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. "Jẹ̀bi" náà kò bá a mu tán, torí adájọ́ ló ń sọ ìyẹn lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí. Ohun tí à ń sọ nílé ni "ẹjọ́ mi kọ́", "ẹjọ́ ta wá ni?", "òun náà lẹ́bi níbẹ̀". Èyí tó kẹ́yìn yẹn tó fún "culpable". Bẹ́ẹ̀, ìwé awakọ̀ l'Óǹdó kò tilẹ̀ nílò "culpable homicide", òfin Penal Code ti òkè Ọya ló ń pe ìpànìyàn bẹ́ẹ̀. "Murder" àti "manslaughter", ìyẹn ìpànìyàn tí kò wúwo tó "murder", ni tiwa níhìn-ín.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "tí kò bójú mu". Ọmọ tó ń fi oúnjẹ sẹ́nu sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ìwà rẹ̀ kò bójú mu. Mo máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé olùkọ́ kan hu "ìwà tí kò bójú mu" sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tó gbọ́ ìròyìn náà tán, ó fipá bá ọmọ ọdún mẹ́wàá lò pọ̀ ni! Ìwà láabi ńkọ́? Ìwà ìkà? Ìwà ọ̀bàyéjẹ́? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò ya ahun báyìí. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 51, nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ ẹ ó rí ìrékọjá, àìṣedéédéé àti ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn ì bá ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lọ sùn. Ìrékọjá nìkan ni mo bá wọn jà sí, torí orúkọ kan náà ni wọ́n fún àjọ̀dún àwọn Júù.

Ẹni tó béèrè fi "complicit", ìyẹn ẹni tó lọ́wọ́ sí ẹ̀bi ẹlòmíràn, sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀gá ọkọ̀ tó mọ̀ pé táyà ti jẹ tán, tó sì ń béèrè owó iṣẹ́ òòjọ́, ẹni tó gbà á nìyẹn. "Alájọlẹ́bi" ni màá kọ. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.