Mo fẹ́ fi nọ́sù sí Volks bàbá mi, ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ ni kí ojú ṣì máa rí

Ọmọ_Aké:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta ni mo wà. Volks Ìjàpá (Beetle) tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń gùn, ti 1978, àwọn tí wọ́n tò ní VON (Volkswagen of Nigeria) l'Ékòó, wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì 1600 tòkunbọ̀ sí i. Kábúrétọ̀ ẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu, láàárọ̀ á máa kú lórí síló (tí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́), tí mo bá ń gun òkè Ìtòkò lọ á máa fa jẹ́ẹ̀kì, epo tó sì ń mu, látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 apá mi ò ká a mọ́. Mo fẹ́ fi nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì àti brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀, sí i, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi máa ń ní kí n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ kí wọ́n wò ó, mo fẹ́ kí wọ́n ṣì rí kábúrétọ̀ Solex yẹn pẹ̀lú fílítà dúdú ńlá orí ẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọ̀gá_Láfẹ́nwá:
Àbúrò, ó ṣeé ṣe, àmọ́ kó o tó náwó, yẹ kábúrétọ̀ yẹn wò ná. Di ọ̀pá bọ́tàfúláì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́) mú kó o mì í, tó bá ń mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, síló ò lè dúró. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tó ti ìdí sàlẹ́ńsà wá gba abẹ́ mánífóòlù (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo wọ ẹ́ńjìnnì), tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná wọ́n omi sí i, tí omi ò bá hó, èédú ti dí i nìyẹn, mánífóòlù ò ní gbóná, epo ò sì ní jó dáadáa láàárọ̀.

Mẹkáníìkì_Panṣẹ́kẹ́:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ ọ̀gá. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọkàn ẹ ti lọ síbẹ̀, Solex yẹn gan-an lo máa lò. Yọ jẹ́ẹ̀tì àti fúlóòtù ẹ̀, dí gbogbo ihò epo, fi bọ́tàfúláì àti kébù sílẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan lá máa gba ibẹ̀ kọjá. Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí bọ́tàfúláì ṣe ṣí tó á jókòó sídìí ọ̀pá bọ́tàfúláì lápá ibi tí kébù ò sí. Nọ́sù mẹ́rin ni, orí mánífóòlù níbi tó ti fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n wẹ́dì ìjókòó wọn sí, kun páìpù epo wọn ní dúdú, ojú ò ní tètè rí i. Volkswagen fúnra wọn fi nọ́sù síbẹ̀ nínú Beetle tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti 1975, nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé a ń ba mọ́tò jẹ́. Páǹpù epo àtijọ́ ẹ̀gbẹ́ dẹ́lìkò (tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì), fi í síbẹ̀ fún ojú lásán, kí họ́ọ̀sì ẹ̀ gbẹ.

Epo ni kó o fọkàn sí jù. Agbára tí páǹpù fi ń ti epo, kábúrétọ̀ ò gbà ju nǹkan bíi 4 psi lọ, nọ́sù ń fẹ́ bíi 43, họ́ọ̀sì aláṣọ àtijọ́ yẹn máa bẹ́ ni. Táǹkì wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, páìpù kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, o gbọ́dọ̀ fa òmíràn tí epo á máa gbà padà sí táǹkì. Lábẹ́ táǹkì níwájú ni kí páǹpù oníná wà torí títì ló mọ̀, kò mọ epo fà. Họ́ọ̀sì injection gidi ni kó o rà pẹ̀lú kílíìpù ẹ̀. Volks tó jóná ní ìlú yìí nítorí họ́ọ̀sì tó ń jò ò kéré, ẹ jọ̀ọ́.

Rewáyà_Kútọ̀:
Kí ló ń gbé iná fún un, dáínámò àbí ọ́tánẹ́tọ̀? Tó bá ṣì jẹ́ dáínámò, pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó ra ohunkóhun, torí lórí síló kò lè gbé páǹpù, brain box àti iná iwájú pọ̀. Abẹ́ àga ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ni kí brain box wà, ìdí ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù fún un. Volks ò lómi, nítorí náà ara orí sìlíńdà ni sẹ́ńsọ̀ ooru máa wà. Rílè páǹpù (suwíìṣì tó ń gbé iná fún un), jẹ́ kí brain box máa darí ẹ̀, kí páǹpù dúró tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pàápàá bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan.

Ọmọ_Aké:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ọ̀gá mi. Dáínámò ló wà níbẹ̀ o. Màá kọ́kọ́ wọ́n omi sí páìpù yẹn lọ́la. Mánífóòlù tiẹ̀ ńkọ́, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n wẹ́dì ti bàbá mi.

Mẹkáníìkì_Panṣẹ́kẹ́:
Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Lọ wá mánífóòlù àti Solex tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó, yẹ ojú ibi tí bóòtù ń wọ̀ wò kó má ti sán. Àwọn yẹn ni ká gé ká wẹ́dì, ti bàbá ẹ di inú páálí.