Yúníìtì ń yára tán: kí ló ń jẹ iná nílé mi?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó yúníìtì Band A (àdúgbò tí wọ́n ní yóò máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́) ti fò láti 68 náírà lọ sí 225, bí wọ́n tiẹ̀ dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, owó iná ti ń kó èrè ọjà mi lọ. Fíríìsà kan, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù la ní. Síbẹ̀, káàdì 10,000 kì í lo ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá ìbejì ní ká ta fíríìsà, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fi ń ta omi tútù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Oníná, Ìbàdàn: Ẹ má tíì ta nǹkan kan, màámi. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú. Bí ẹ bá rí 1000 imp/kWh lára rẹ̀, á jẹ́ pé tó bá ti ṣẹ́jú nígbà 1,000, yúníìtì kan ti lọ. 1600 ló wà lára àwọn míì, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá dúró ti mítà. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan.

Àǹtí Olómi-Tútù, Abẹ́òkúta: Ẹ yẹ rọ́bà ẹnu fíríìsà wò pẹ̀lú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi bébà há a lẹ́nu, kí ẹ sì dé e. Bí bébà bá yọ wọ́ọ́rọ́, ooru ń wọlé nìyẹn, ẹ̀rọ ò sì ní sinmi. Bí yìnyín bá ti ki nínú rẹ̀, ẹ pa á kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o! Ó lè lu páìpù gáàsì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Mo pa gbogbo ẹ̀, mo yọ fíríìsà gan-an, ó ṣì ń ṣẹ́jú: ìgbà 4 ní ìṣẹ́jú kan. 1000 ló wà lára tiwa.

Bàbá Oníná: Ìgbà 4 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ìgbà 240 ní wákàtí kan: 240 wáàtì nìyẹn. Ohun kan wà tí ẹ ò tíì pa. Ẹ máa tẹ súwíìṣì inú bọ́ọ̀dù wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dákẹ́. Ẹ má tú wáyà kankan fúnra yín.

Ìyá Ìbejì: A ti rí i! Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn tí gbogbo ilé jọ ń lò ni. Mẹ́rin ni wọ́n, ti àtijọ́, 60 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara mítà tèmi nìkan ni wọ́n so wọ́n mọ́! Ibẹ̀ ṣókùnkùn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń tàn.

Bàbá Oníná: Bí iná bá wà fún wákàtí 20, wọ́n á jẹ yúníìtì tó sún mọ́ márùn-ún, nǹkan bíi 1,000 náírà lójúmọ́. Gílóòbù LED (irú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀) 9 wáàtì mẹ́rin ò ní jẹ yúníìtì kan pé. Ẹ pààrọ̀ wọn lónìí, kí ẹ sì fi sùúrù bá onílé sọ̀rọ̀: kó so wọ́n mọ́ mítà tirẹ̀, tàbí kí gbogbo ayálégbé máa dáwó rẹ̀.

Àǹtí Olómi-Tútù: Ẹ bá wa bẹ bàbá ìbejì kí wọ́n má ta fíríìsà o. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì yẹ rọ́bà yẹn wò.