Mo gun òkè Ìdànrè ní Sátidé, Mọ́ńdè ni ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn mí. Kí ló fà á?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ wa lọ gun òkè Ìdànrè ní Sátidé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Mo mí hẹlẹhẹlẹ, àmọ́ mo gùn ún dókè. A sọ̀ kalẹ̀, a jẹ iyán, mo sùn fọnfọn. Ní Sọ́ńdè, itan kàn ń ro mí díẹ̀. Àfi bó ṣe di Mọ́ńdè! Mi ò lè jókòó nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láì di ògiri mú. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ọ̀gá mi sì ń wò mí. Ọmọ ọdún 43 ni mí. Ṣé ibà ni, àbí iṣan ló já?

Ọmọ Àkúrẹ́: Pẹ̀lẹ́ mà. Lactic acid ni, ìyẹn oje kíkan tí iṣan máa ń mú jáde béèyàn bá ń ṣe wàhálà. Ẹ fi róòbù ra á.

Adárayá: Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo wa nìyẹn, àmọ́ irọ́ ni. Béèyàn bá ti sinmi bíi wákàtí kan sí méjì, ara ti kó lactic acid náà kúrò. Èwo ló wá kù tí yóò máa dunni ní Mọ́ńdè? Ẹ̀gbọ́n mi, gígùn ló mú yín mí hẹlẹ, sísọ̀ ló dá ẹsẹ̀ yín lóró. Bí ẹ ṣe ń sọ̀, iṣan iwájú itan ń nà, ó sì tún ń súnkì kí orúnkún má baà yẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ń fi okùn sọ garawa sínú kànga ni: okùn ń lọ, ọwọ́ ń dá a dúró. Níbi ìjàkadì yẹn ni àwọn fọ́nrán tínńtín inú iṣan ti ń já, ojú ò lè rí i. Ara á wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ibẹ̀ á wú díẹ̀, ọwọ́ kàn án báyìí, ó dùn. Àtúnṣe yẹn ló ń gba àkókò. Láti 1902 ni Theodore Hough, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló sábà máa ń le jù. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lọ.

Ìyá Ìbejì: Àṣé sísọ̀ ni! Ibi tí mo ti ń ṣe fáàrí, tí mo ń ya fọ́tò. Ṣé kí n kúkú dùbúlẹ̀? Màmá mi ní kí n fi omi gbígbóná jó o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ má dùbúlẹ̀ kalẹ̀ mà, ẹ rọra máa rìn. Bí ara bá móoru, yóò rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Omi màmá ò burú, kó ṣáà má bó yín lára. Àmọ́ ẹ máa wo ìtọ̀ yín. Bó bá dúdú bíi kóòkì, tàbí tẹ́sẹ̀ wú gan-an tí kò lágbára, ilé ìwòsàn ni kíá, torí iṣan tó bàjẹ́ púpọ̀ lè kó bá kíndìnrín. Ti ibà, kì í yan itan nìkan. Bí ara bá gbóná, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì: Ìtọ̀ mi mọ́ kedere, ara ò sì gbóná. Ẹ ṣé gan-an ni.

Adárayá: Ẹ padà lọ gùn ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i pé kò ní dùn tó báyìí. Iṣan náà ti kọ́gbọ́n.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dìde lórí àga yìí ná.