Ibo ló yẹ kí n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ ní Èkó kí wọ́n lè rí igbó àti omi?

Olùkọ́ Abẹ́òkúta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún wa lọ sí Èkó fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tí a ń kọ́ wọn nínú ìwé nípa igbó, ọ̀sà àti òkun. Àwọn òbí kan ní kí a lọ sí afárá tí ó gba òkè igi kọjá ní Lẹ́kí, àwọn mìíràn sì ní etí òkun ló dára jù. Èwo ni ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ti rí ẹ̀kọ́ kọ́, tí kò fi ní jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni wọn yóò mú bọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Èmi a máa mú àlejò rìn ní agbègbè yẹn, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí ẹ lọ sí Lẹ́kí, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi afárá náà ṣe olórí ìrìn àjò yín. Ọdún 1990 ni àjọ Nigerian Conservation Foundation dá Lekki Conservation Centre sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 78. Ní ẹnu ọ̀nà, ilé àti ọkọ̀ ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá wọlé tán, irà tí omi rẹ̀ dúdú bí aró ni ẹ ó bá, irú èyí tí ó pọ̀ káàkiri agbègbè náà kí àwọn ènìyàn tó fi iyanrìn dí i láti kọ́lé sí i.

Afárá náà gùn tó mítà 401, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń mì bí ènìyàn bá ti ń gbé ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí ibi gíga ń bà lẹ́rù gùn ún nítorí ojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an ni ọ̀nà onípákó tí ó gba orí irà kọjá nísàlẹ̀. Ẹ ní kí gbogbo wọn dákẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n máa tẹ́tí sí ẹyẹ kí wọ́n tó máa wá a lójú, kí wọ́n sì wo etí omi dáadáa, nítorí awọ́nrínwọ́n lè nà gbalaja síbẹ̀ kí ènìyàn má sì rí i. Ní ti oúnjẹ, inú àpò ni kí ó wà. Bí ọ̀bọ ibẹ̀ bá gbọ́ ìró ọ̀rá bísíkíìtì báyìí, yóò já a gbà lọ́wọ́ ọmọ, ẹni tí ó bá sì ń fún wọn ní oúnjẹ ló ń kọ́ wọn ní ìwà náà.

Àjọkẹ́:
Òótọ́ ni Ọmọ Ẹ̀pẹ́ sọ. Lufasi Nature Park náà wà ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kan náà, wọ́n sì ń ṣètọ́jú ẹyẹ igún níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti gbọ́ ọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, síbẹ̀ pípa tí wọ́n ń pa á fi ṣe oògùn wà lára ohun tí ó sọ irú igún tí a máa ń rí nídìí ilé ẹran di ẹyẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí púpọ̀, ó sì yẹ kí ọmọdé gbọ́ ọ láti ẹnu olùkọ́ rẹ̀.

Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ má pa òkun tì o, ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ọjọ́ mìíràn, nítorí Tarkwa Bay ni kí ẹ lọ, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé ènìyàn dé ibẹ̀. Omi ibẹ̀ rọ̀ ju ti àwọn etíkun yòókù lọ, nítorí ògiri òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ inú òkun ní ẹnu èbúté láti ọdún 1908. Ìgbì a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri yẹn dá a dúró, iyanrìn ń pọ̀ sí i ní apá kan, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ Bar Beach, etíkun Victoria Island, lápá kejì ní ọdọọdún nígbà náà, kí wọ́n tó fi iyanrìn dí i láti kọ́ Eko Atlantic síbẹ̀. Kò sí ìwé tí yóò yé wọn bí kí wọ́n dúró ní Tarkwa Bay wo ògiri náà. Gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kí ọkọ̀ tó ṣí.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Lẹ́kí ni a ó kọ́kọ́ lọ. Oṣù wo ló dára jù?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, olùkọ́, nítorí òjò ti dáwọ́ dúró, àwọn ẹyẹ tí ń sá fún òtútù Yúróòpù sì ti dé. Ẹ gbéra ní ìdájí kí ẹ lè ṣáájú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, kí àwọn ọmọ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn nítorí ẹ̀fọn.