Àkọ̀ ni, kì í ṣe àpamọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Bọ̀ọ̀dá wa tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní kí á máa pe enclosure, àpótí tí a fi ń so díráìfù (ohun tí fáìlì ń gbé inú rẹ̀) kún sáfà ilé (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo ilé), ní "àpamọ́-ìta". Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn kò gún rárá.

"À" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ló ń dùn mí. Àjẹkù lohun tí a jẹ tó ṣẹ́ kù. Àlòkù lohun tí ẹlòmíì ti lò. Àpamọ́ yóò jẹ́ ohun tí a pa mọ́, ìyẹn fọ́tò àti fáìlì yín. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lẹ ní lọ́kàn, ohùn àárín ló yẹ kó wà níbẹ̀: apẹja, adájọ́, ayára-bí-àṣá. Ohùn kan péré ló ya ẹni tó ń tọ́jú ẹrù sọ́tọ̀ sí ẹrù fúnra rẹ̀, ẹ sì ṣì í gbé.

Ká tilẹ̀ ní ẹ kọ "apamọ́", irọ́ ṣì ni. Àpótí tó wà lórí tábìlì mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, gba díráìfù 3.5 íǹṣì méjì. Iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, 12 fólítì, ló ń lò, torí 5 fólítì tí okùn USB ń gbé wá kò lè yí irú díráìfù bẹ́ẹ̀. Pátákó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín SATA, ìsopọ̀ tí díráìfù ń lò, àti USB tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ yọ díráìfù méjèèjì, ìkarahun lásán ló kù. Àbúrò mi obìnrin gbọ́ "àpamọ́" yín lẹ́nu mi, ó lọ ra àpótí òfìfo, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan kan. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ló tàn án.

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Bí wọ́n bá ti ọ̀bẹ wọn bọ inú àkọ̀ awọ, yóò dún "kẹ́" nígbà tó bá dé ìdí. Bí mo ṣe ń fi àtàǹpàkò ti díráìfù wọlé gan-an nìyẹn, títí dórí ìró "kẹ́" yẹn. Àwọn àgbà sì ti là á yé wa: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ilé idà ni àkọ̀. Òfìfo ni wọ́n ń rán an, a ń fa nǹkan yọ nínú rẹ̀, a ń dá a padà. Àkọ̀ díráìfù. Olójú méjì ni tèmi.

Àǹtí wa ní Adó-Èkìtì ní àwọn èèyàn yóò kà á sí akọ tàbí àkọ́. Ẹ fi àmì sí i, wọn ò ní ṣì í kà. Ẹni tó ní kéèsì ni àwọn tó ń tà á ń pè é kò purọ́, àmọ́ kéèsì náà ni ti fóònù.

Ẹni tó wá ní ará Òṣogbo kò lè kọ́ni ní ohùn torí ẹnu wa dàpọ̀, mo gbọ́. Láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la ti wá, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì wá bá wa nígbà ogun. Etí méjì la fi ń gbọ́ Yorùbá láti kékeré. Èwo ni àbùkù níbẹ̀?

Ní ti RAID 1, ètò tó ń kọ ohun kan náà sórí díráìfù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan pè ní "ìbejì", bí díráìfù kan bá kú, èkejì wà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fáìlì tí mo bá pa rẹ́ lára Táyé, ó pa rẹ́ lára Kẹ́hìndé lójú ẹsẹ̀. Ìbejì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ẹni tó sọ ọ́ dáhùn.