A fẹ́ ṣí òkè ìlú wa fún àlejò: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ìjùmú béèrè:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogi, ti fẹnu kò pé ká ṣí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú fún àlejò. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gùn ún, ọ̀nà ọdẹ àti ti àwọn aṣẹ́gi. Ó kàn lọ tààrà sókè ni, àgbàrá sì ti wa àárín rẹ̀ dé orúnkún níbòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká gbé fọ́tò sórí Facebook, ká fi òkè náà sórí Google Maps, kí èrò lè dé lọ́jọ́ ìlú nínú oṣù Kejìlá. Àwọn àgbà ní ká rọra. Owó ọwọ́ wa kò tó ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀nà, ṣálángá, atọ́nà àti ìpolówó, èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Alátùn-únṣe_Ọ̀nà:

Okun, àbúrò. Ọ̀nà ni. Bí ìpolówó bá ṣáájú, èrò á máa yà fún kòtò yẹn lọ́tùn-ún lósì, ibi tí wọ́n bá sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ni àgbàrá ọdún tó ń bọ̀ máa gbà. Ọ̀nà kan á di mẹ́ta.

Ẹ má wulẹ̀ da iyanrìn sí kòtò náà, òjò á gbé e lọ. Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà àti omi jọ ń gba ojú kan náà. Ẹ pa á tì, kẹ́ ẹ la òmíràn tó dábùú ẹ̀gbẹ́ òkè, tó ń lọ tó ń bọ̀. Kó má gòkè ju mítà 1 lọ nínú mítà 10 téèyàn bá rìn. Rọ́bà tó mọ́ gaara, tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti fi wọn ilẹ̀, tó yín fún ìwọ̀n yìí: ẹni méjì á dúró ní mítà 10 síra, kálukú á wọn bí ojú omi ṣe ga tó sí ilẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì ni iye tí ibẹ̀ fi gòkè. Fífẹ̀ mítà 1 tó. Kí ojú ọ̀nà tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí omi lè rékọjá rẹ̀ dípò kó máa tọ̀ ọ́ lọ. Ibi igi ńlá tàbí òkúta ńlá ni kẹ́ ẹ ti máa yí orí ọ̀nà padà, torí bí ojú bá mọ́lẹ̀ níbẹ̀, èrò á gé e kúrú, kòtò tuntun dé nìyẹn.

Ibi tó bá ga jù, ẹ fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ga ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, kí ìdajì òkúta ó kéré tán wà nínú ilẹ̀. Ní bíi mítà 10 sí mítà 10, ẹ to òkúta dábùú ọ̀nà láti yí omi sínú koríko. Kó má ṣe gún régé o, kó dagun ni. Èyí tó bá gún régé, ẹrẹ̀ á kún ẹ̀yìn rẹ̀, omi á sì fò ó kọjá. Ẹ máa ko ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.

Lórí àpáta gan-an, ẹ wo àwọn ilà dúdú tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀nà omi nìyẹn, ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń hù lára òkúta ló sọ ọ́ dúdú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń gan, ṣùgbọ́n bí òjò bá kàn án, á yọ̀ bí ilá. Ẹ má gba ọ̀nà kọjá níbẹ̀ rárá, ojú òkúta eérú tó rí ságisági ni kẹ́ ẹ tọ̀. Ẹ má sì da sìmẹ́ńtì sórí àpáta dídán, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, á ṣí.

Ewé_ń_jẹ́:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ọ̀nà dáadáa. Ẹ jẹ́ n fi ti ewéko kún un, torí àwọn tó ń polówó òkè kì í sábà rántí rẹ̀.

Koríko tó tẹ́ bí ẹní lórí àpáta wa, Afrotrilepis pilosa lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ẹ ó rò pé ó ti kú, ó gbẹ, ó pọ́n. Bí òjò bá rọ̀, ewé kan náà á padà tutù. Òun ló ń di erùpẹ̀ díẹ̀ tó wà lórí òkúta mú, inú ẹní yẹn náà sì ni igi kéékèèké ti ń rí ibi ta gbòǹgbò sí. Bí ẹsẹ̀ bá ti ya etí rẹ̀ sókè, òjò á ká gbogbo rẹ̀ kúrò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló sì máa gbà kó tó padà bo ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi òkúta kéékèèké sàmì sí ojú ọ̀nà. Ẹ má kun ọ̀dà sí àpáta lára.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dáná lórí òkè. Ooru iná máa ń mú kí ojú àpáta bó ní pẹlẹbẹ. Ti iná igbó ìgbà ọyẹ́, ẹ gé ìdènà iná tó fẹ̀ tó mítà 5 yí ẹsẹ̀ òkè ká nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí koríko ṣì tutù. Ẹ kó èyí tẹ́ ẹ gé jìnnà, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, oúnjẹ iná ni.

Ṣálángá kò lè wà lókè, erùpẹ̀ kò jìn. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ sí, kó jìnnà sí odò àti kànga ní mítà 30 ó kéré tán, kí àlejò sì lò ó kó tó gbéra. Ní ti ọ̀rá pọ̀ wọ́tà, ẹ gba ìdógò, ká ní 500 náírà, kẹ́ ẹ kọ iye ọ̀rá tí kálukú gbé gòkè. Ẹni tó bá kó o padà gba owó rẹ̀.

Akọ̀wé_Yàgbà:

Okun gbogbo ilé. Kẹ́ ẹ tó fi àdá kan igi kankan, ẹ lọ bá àwọn ìdílé tó ni ilẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú ojúbọ, kì í ṣe ọba nìkan. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò lé sílẹ̀: ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ dé, ibi tí wọn kò gbọdọ̀ yà ní fọ́tò, àti ọjọ́ egúngún tí obìnrin kì í jáde. Àwọn ọjọ́ yìí gbọdọ̀ wà nínú ìpolówó yín kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀.

Àwọn ọdẹ ló yẹ ní atọ́nà. Méjì fún àlejò mẹ́wàá, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kí wọ́n gbéra ní aago méje àárọ̀, omi lítà 2 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ààrá bá ti ń kù lókèèrè, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, kò síbi ìsápamọ́ lórí àpáta. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àlejò sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún fíjílanté ní ẹ̀dà kan. Ọ̀sán nìkan ni kí àlejò rìn lójú títì. Bí ìròyìn ọ̀nà kò bá dára lọ́jọ́ náà, ẹ fagi lé e, kẹ́ ẹ dá owó padà láìjanpata.

Ìwé rísíìtì tó ní nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ lò, kí owó wọ àpò ìlú ní báńkì, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i. Ẹ lẹ iye tó wọlé mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú lóṣooṣù. Ibi tí owó bá ti ṣókùnkùn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdílé onílẹ̀ á sì gbégi dínà.

Ẹ má polówó òkè nìkan. Àwọn tó ń lọ wo ilé Lugard, gómìnà òyìnbó ayé àtijọ́, lórí Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, tí wọ́n ń wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ẹ lè pè wọ́n sí ọjọ́ kejì lọ́dọ̀ yín. Aṣọ híhun àti aró wà ní Ògìdì, ìlú Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ ọnà aládìrẹ. Ẹ wo Sukur, ìlú orí òkè ní Adamawa, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 1999: àwọn ebè olókùúta tí àwọn ará ibẹ̀ ń tún ṣe àti ìṣe wọn wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yín náà ni kẹ́ ẹ fi hàn.

Ọmọ_Ìjùmú:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé oṣù Kejìlá ṣì ṣeé ṣe?

Alátùn-únṣe_Ọ̀nà:

Ó ṣeé ṣe fún ìdajì ìsàlẹ̀, títí dé ibi títẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ kí oṣù Kẹwàá tó parí, ilẹ̀ á ti le jù lẹ́yìn náà. Kí àlejò má ju ogún lọ lóòjọ́. Apá òkè, ẹ fi ọ̀pá àti okùn sàmì sí i nìkan báyìí. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, kí ẹni méjì lọ dúró nísàlẹ̀ àpáta, kí wọ́n wo ibi tí omi ń gbà, ẹ ó sì ṣí okùn náà lọ síbi tó yẹ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ.